Ẹ má tíì tú éríà orí òrùlé yẹn dànù

Bí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra rédíò scanner, ìyẹn rédíò tó ń wá ìgbì kiri láti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ bàálù, ọkọ̀ ojú omi àti panápaná, kì í pẹ́ kó tó gbọ́ ọ: éríà tẹlifíṣọ̀n ò wúlò fún un, torí ohm 75 (ohm ni ìwọ̀n ìdènà tí ìgbì ń bá pàdé nínú wáyà) ni ti tẹlifíṣọ̀n, ohm 50 ni ti scanner; kó yáa lọ ra tuntun. Iye ohm tí wọ́n ń kà yẹn tọ̀nà. Ibi tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ já sí ni kò tọ̀nà, ó sì máa ń dùn mí, torí àwọn kan ti tìtorí ẹ̀ ju éríà gidi sí ààtàn, wọ́n wá jókòó sínú yàrá, wọ́n ń fi ọ̀pá kékeré tó bá rédíò wá gbọ́ ariwo ṣììì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí wáyà ohm 75 bá wọ rédíò ohm 50, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 agbára tó ń bọ̀ ló máa ta padà. Ìdá 96 wọlé. Àdánù yẹn ò tó 0.2 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí agbára ìgbì ṣe pọ̀ sí tàbí dín kù), kò sí etí tó lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ síta ló yẹ kó máa ṣọ́ agbára tó ń ta padà, torí bó bá pọ̀, ó lè ba ẹ̀rọ ẹ̀ jẹ́. Scanner kì í sọ̀rọ̀, gbígbọ́ ló ń gbọ́. Kódà RG-6, wáyà tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń bẹnu àtẹ́ lù yìí, kì í jẹ ìgbì lójú ọ̀nà tó RG-58 tó jẹ́ ohm 50.

Gíga sì ni ọrọ̀ éríà. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, éríà tó ga ní mítà 9 ń ríran tó nǹkan bíi kìlómítà 12. Èyí tó wà lórí tábìlì, ní mítà 1, kò ju 4 lọ.

Ohun tó ń fa wàhálà gan-an kì í ṣe ohm. Àwọn ọ̀pá éríà tẹlifíṣọ̀n sábà máa ń dùbúlẹ̀ ní ìbú, bí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣe ń fi ìgbì wọn ránṣẹ́ nìyẹn. Bàálù, ọkọ̀ ojú omi, panápaná, òòró ni tiwọn. Nínú ìṣirò, éríà tó dùbúlẹ̀ lè pàdánù 20 dB lára ìgbì òòró: ìdá 1 péré nínú 100 ló kù. Ògiri tó ń ta ìgbì káàkiri máa ń dín àdánù yẹn kù, síbẹ̀ ẹ wò ó: ohm tí wọ́n ń pariwo lé lórí jí 4, ìdùbúlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà lè jí 99.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ so tèmi, ohùn àwọn awakọ̀ bàálù, láàárín 118 sí 137 MHz, dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri. Mo gun àkàbà, mo dẹ bóòtù méjì tó dì í mọ́ òpó, mo yí i títí àwọn ọ̀pá fi nàró, mo kọ ojú ẹ̀ síbi tí bàálù ń gbà, mo wá fún bóòtù padà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, awakọ̀ kan ń ka nọ́ńbà tí wọ́n fún un padà, mo ń gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí àpótí amplifáyà bá wà lórí òpó, ẹ yọ ọ́. Inú wáyà kan náà ni iná ẹ̀ ń gbà gòkè, kò sì gbọdọ̀ wọ scanner. Bí ẹ bá sì kàn yọ iná tí ẹ fi àpótí sílẹ̀, ìdènà ló máa dà. Ìgbì FM, 88 sí 108 MHz, tún lè bo ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ wo gígùn àwọn ọ̀pá náà. Ti bàálù fẹ́ ọ̀pá tó gùn tó nǹkan bíi mítà 1.2 láti ìkángun dé ìkángun. Bó bá jẹ́ kéékèèké nìkan ló wà níbẹ̀, ìgbì tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní UHF ni wọ́n ṣe é fún, láti 470 MHz sókè, kò bá ti bàálù mu. Díṣì sátẹ́láìtì ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ẹ ṣí ẹnu wáyà wò kí ẹ tó so ó. Bí bàbà inú ẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewéko, omi ti wọ̀ ọ́: ẹ gé e dé ibi tó ṣì ń dán, kí ẹ fi ẹnu tuntun sí i. Kí wáyà ilẹ̀ wà lára òpó, kí ẹ sì yọ wáyà éríà kúrò lára scanner kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán.