Ìbaaka ni Napoleon gùn, kì í ṣe ẹṣin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ohun tí ẹ kọ pé bí àwòrán tí David, ayàwòrán ará Faransé, yà ṣe rí gan-an ni Napoleon, olórí Faransé, ṣe gba orí òkè Alps kọjá lọ́dún 1800. Ìbaaka ló gùn, ará abúlé kan ló ń ṣamọ̀nà rẹ̀, kóòtù aláwọ̀ eérú ló sì wọ̀. Ẹṣin tó gbé ẹsẹ̀ sókè nínú àwòrán yẹn, wọ́n fi buyì kún un ni. Delaroche, ayàwòrán mìíràn, ló padà ya ìbaaka náà ní nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn náà.

Ti àsíá ló tiẹ̀ dùn mí jù. Àwòrán ogun Austerlitz, ọdún 1805, tí ẹ fi sísàlẹ̀, àsíá onílà mẹ́ta tó dúró gbọọrọ ló wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Faransé níbẹ̀. Rárá o! Ọdún 1812 ni irú ìyẹn tó dé ọwọ́ wọn. Èyí tí wọ́n gbé lọ sí Austerlitz, funfun ló wà láàárín, tó fi ṣóńṣó dúró bíi dáyámọ́ǹdì inú káàdì. Pupa àti búlúù pín igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyẹ idì sì bà sórí ọ̀pá. Àwọn èèyàn kú nídìí aṣọ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún àlàyé abẹ́ àwòrán náà kọ.