Kán-ún Tó Ṣeé Yọ Padà Nínú Ìkòkò

Ẹni tó bá ti se ẹ̀wà tó le rí mọ iṣẹ́ kán-ún. Àmọ́ bí kán-ún bá ti yọ́, ó tán; a ó jẹ ẹ́ mọ́ ẹ̀wà ni. Bẹ́ẹ̀ ni sódà àti ásíìdì tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà fi ń mú kí nǹkan kan tètè di òmíràn. Wọ́n á yọ́ sínú iṣẹ́, omi rẹpẹtẹ ni wọ́n á fi fọ̀ wọ́n kúrò, omi ọ̀hún á sì gba gọ́tà lọ.

Irú kán-ún kan wà tí kì í yọ́: ìyẹ̀fun fọ́sífétì, èròjà tó wà nínú òkúta kan àti nínú eegun. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò silẹ̀ sí ìdí ìgò bí ògì ṣe ń silẹ̀ sábẹ́ omidùn. Ẹ ó rọ omi ojú rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ ó fọ̀ ọ́, ẹ ó sá a gbẹ, ẹ ó tún lò ó. Ní Mòrókò, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta fọ́sífétì ayé wà, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ń fi òkúta Khouribga ṣe irú iṣẹ́ yìí. Wọn ò gbà pé ajílẹ̀ nìkan ló wúlò fún.

Tiwa ńkọ́? Fọ́sífétì wà nílẹ̀ Ifọ̀. Tógò ti ń wa ti Hahotoé láti àwọn ọdún 1960, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó o lọ láti Kpémé. Èyí tó sún mọ́ wa jù kò tilẹ̀ gba ìwakùsà rárá: eegun màlúù ni. Ẹ sun ún ní nǹkan bí 800°C, ọ̀rá àti mùdùnmúdùn á jó dànù, eegun á funfun báláú. Ẹ gún un, ẹ kù ú. Àwọn onímọ̀ wa ti fi irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ sọ òróró di dísù, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí, ìwé sì jókòó sí àpótí. (Àwọn tó ń lọ eegun fún oúnjẹ adìẹ kò ṣẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rà tiwọn.)

Ohun tí a ń béèrè ni pé kí apá kan nínú owó ìwádìí TETFund, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga lówó, kúrò lórí ìwé, kó di ààrò kan ní odò ẹran kan, pẹ̀lú yunifásítì tó wà nítòsí. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní sì máa fi ìyẹ̀fun náà ṣiṣẹ́ dípò ásíìdì níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi “a lò ó lẹ́ẹ̀marùn-ún” gba owó lọ́wọ́ TETFund. Eegun tí iná bá mú jù máa ń ní oríṣi ẹfun kan tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú, ohun tó yọ́ náà ló sì lè máa ṣiṣẹ́. Ẹ sẹ́ ìyẹ̀fun náà kúrò lágbede méjì iṣẹ́, nígbà tó ṣì gbóná. Bí omi tó kù bá ṣì ń bá iṣẹ́ lọ, kán-ún lásán la tún rà. Kí wọ́n sì ṣírò iná ààrò náà fún wa, àti iye dísù tí jẹnẹrétọ̀ máa mu kó tó gbóná dé 800°C.