Báàgì Tó Fẹ́ Gba Ife

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin adájọ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti òde òní. Ojú yín mú, ọwọ́ yín sì yá. Eré NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, ò tíì bẹ̀rẹ̀, àwọn tó fẹ́ gbá a ò tíì bọ́ ṣòkòtò òde, ẹ ti dájọ́ tán. Ẹ ti wo agbábọ́ọ̀lù kan bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ ti wò ó bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́ pápá, fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré. "Eléyìí ò lè gba ife láéláé." Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ti rí báàgì ọwọ́ ẹ̀.

Báàgì yẹn ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú. Ọkùnrin gbọọrọ, ó ga ju mítà méjì lọ, apá ẹ̀ bí òpó iná, ló fi ìka kan ṣoṣo há báàgì tí kò tóbi ju àpò áásáà bàbá àgbà lọ. Kí ló wà nínú ẹ̀? Bọ́ọ̀lù kọ́, nítorí ìwọ̀n àyíká bọ́ọ̀lù NBA jẹ́ íǹṣì 29.5, báàgì yóò sì ti fàya kó tó gba ìdá mẹ́rin ẹ̀. Bàtà kọ́. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ló ń kó bàtà, àti pé bàtà òmìrán agbábọ́ọ̀lù nì, Shaquille O'Neal, nọ́ńbà 22, bí ẹ bá ní dandan kó wọ inú ẹ̀, okùn bàtà nìkan ló máa rí àyè. Táwẹ́ẹ̀lì kọ́. Omi kọ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, bóyá, bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí méjì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, mo gbà pé atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn ni bàbá ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ní ìgbà 82 nínú sáà kan, tó sì ń gbé e padà relé lálẹ́ láìjẹ́ pé ó dín. Síbẹ̀ báàgì atẹ́gùn yìí ti ní alátìlẹ́yìn, ó ti ní ọ̀tá. Apá kan ní ó fi hàn pé ọkàn ẹ̀ ò sí nínú iṣẹ́. Apá kejì ní àwọ̀ ẹ̀ bá bàtà mu, nítorí náà ó ti di ọ̀gá. Wọ́n ń bú ìyá ara wọn lórí ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ta ló gba bọ́ọ̀lù tó ta padà ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, wọ́n á ní àwọn ò wo eré yẹn.

Òfin ló kúkú bí ọmọ yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, David Stern tó ń darí NBA nígbà náà kéde pé kò sí ẹ̀wọ̀n lórí aṣọ mọ́, kò sí ìgò dúdú nínú ilé, kò sí ṣòkòtò péńpé fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kí aráyé yé wo aṣọ wọn. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní kò burú, wọ́n lọ bá télọ̀. Ohun tí wọ́n fi òfin lé jáde lójúde ti wá di ọjà báyìí, ayàwòrán ti tò sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó dé.

Lẹ́yìn báàgì, ó kan ìwádìí ilé. Ta ló ń fẹ́? Kí ló dé tí kò rẹ́rìn-ín sí oníròyìn? Ṣé ó máa ń tọ́jú ìyá ẹ̀? Ẹ̀yin ará mi, alárinà ni yín àbí òǹwòran? Ìdílé tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ ló máa ń ránṣẹ́ lọ wádìí bóyá wèrè ń ṣe wọ́n nílé ọkọ. Ẹ ò wá àna, bọ́ọ̀lù lẹ ń wò! Ẹ sì tún máa na ìka sí mi pé ìwà lẹwà. Mo gbọ́. Ìwà lẹwà. Ẹ bá mi sọ fún Ìwà kó wá dúró sábẹ́ àwọ̀n kó dí ẹni kan lọ́wọ́, ká wò ó.

Nikola Jokić nìyẹn, ọmọ Sombor ní Serbia. Ẹṣin ló gba ọkàn ẹ̀. Nígbà tí Denver, ẹgbẹ́ ẹ̀, gba ife ní 2023, tí wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ Tọ́sìdeè ni wọ́n máa fi ife yí ìlú ká, inú ẹ̀ ò dùn, ó ní òun fẹ́ máa lọ sílé. Ó parí! Wọ́n ní kò fẹ́ràn iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ ló gba póìǹtì 600, bọ́ọ̀lù tó ta padà 269 àti ásíìsì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fi lé ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ tó sì wọlé, 190 nínú gbogbo ìdíje ife ọdún yẹn, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣáájú gbogbo ayé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2014 tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, ẹni kọkànlélógójì ni wọ́n mú un. Ká ní gbogbo ẹni tó kórìíra iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe é báyìí, Nàìjíríà ì bá ti ní iná mànàmáná.

Dennis Rodman pa irun láró bí ẹni pé aláró Òṣogbo ló bí i. Ní 1996 ó wọ aṣọ ìyàwó jáde sójú títì. Ohun tí ẹ rántí nìyẹn. Ọdún méje léraléra, láti 1992 dé 1998, kò sẹ́ni tó gba bọ́ọ̀lù tó ta padà tó o ní ìpíndọ́gba eré kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ń bá a jà sí i ga jù ú lọ. Kì í ṣe fífò lásán. A máa dúró wo bí bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ń yí lófuurufú kó lè mọ ibi tó máa ta sí. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá ju láti igun pápá, tí kò bá wọlé, òdìkejì ló sábà máa ń bọ́ sí. Òun á ti dúró síbẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú. Irun ẹ̀ aláwọ̀ ewé náà á sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Ti Allen Iverson ló ń bí mi nínú jù. Ní 2002 ó jókòó níwájú oníròyìn, wọ́n bi í nípa ìgbáradì tó ń pa jẹ, ó pe ọ̀rọ̀ "ìgbáradì" ju ìgbà ogún lọ, láti ọjọ́ náà ló ti di ọ̀lẹ lẹ́nu yín. Ọ̀lẹ tó ga mítà 1.83, tó gba póìǹtì 48 lójú ẹgbẹ́ Lakers nínú eré àkọ́kọ́ àṣekágbá 2001, eré kan ṣoṣo tí Lakers pàdánù nínú gbogbo ìdíje náà. Bí ẹ bá fẹ́ bú Iverson, ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń bú u: ní sáà 2000 sí 2001 tí wọ́n fi í ṣe ẹni tó pegedé jù, nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù tó jù, 42 péré ló wọlé. Èébú gidi nìyẹn! Èébú tó ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa rí i gbọ́dọ̀ ka nǹkan.

Tiwa wá lẹ́gàn jù. Giannis Antetokounmpo, Adétòkunbọ̀ tí àwọn ará Gíríìsì fi èdè wọn lọ́ mọ́ra. Àwọn Yorùbá kan ti ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn: kò sọ Yorùbá, kò dọ̀bálẹ̀, àsìá Gíríìsì ló ń gbé. Athens ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ta ni kó gbé àsìá ẹ̀, Ìbarà Abẹ́òkúta? Ní 2021, láwọn pápá àlejò, èrò ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta sí i létí nígbàkígbà tó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n ṣe fáwùlù sí, torí òfin ò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ sì ni àìlera ẹ̀. Ó dé eré kẹfà àṣekágbá pẹ̀lú Phoenix, ó ju 19, 17 wọlé. Àpapọ̀ póìǹtì 50, ife dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀, Milwaukee. Ẹ lọ béèrè ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ Phoenix.

Ẹ jẹ́ ká pa ẹ̀fẹ̀ tì. Ọ̀lẹ ni yín. Wíwo báàgì rọrùn, wíwo eré le, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n pè síbi ìjàkadì tó jẹ́ pé bàǹtẹ́ ló ń wò, kí ni ká pè é?

Ẹ mú bírò. Ẹnì kan gba póìǹtì 30, ariwo sọ. Ìgbà mélòó ló jù ú? Ìgbà 28, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ 6. Ẹ fi 0.44 sọ 6 yẹn di púpọ̀, ó di 2.64. A kì í ka bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ní odidi, torí méjì méjì ni wọ́n sábà máa ń fún ni dípò ìjù kan, òmíràn nínú wọn sì rèé, èènì ni: bọ́ọ̀lù ti wọlé, wọ́n tún ṣe fáwùlù sí i, wọ́n wá fún un ní ẹyọ kan lé e. Ẹ ro 2.64 mọ́ 28, ó di 30.64. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 61.28. Ẹ fi pín 30. Ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjù ẹ̀ fi mérè wá. Ẹnì kejì gba 18 péré, ó jù ú nígbà 10, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ẹ̀ jẹ́ 4. Tiẹ̀ ju 76 lọ. Ìpíndọ́gba NBA òde òní ń yí ká 57 sí 58. Ta ló wá ṣiṣẹ́? Ẹni tó gba 30 yẹn ń fi owó ẹgbẹ́ ṣe fàájì ni, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un torí pé ó ṣèrànwọ́ fún ọmọ òrukàn lóṣù tó kọjá.

Ìṣirò nìkan ò sì tó. Ẹ yan ẹnì kan, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà tí bọ́ọ̀lù ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá jù ú, ṣé ó ń yíjú wá ara ọ̀tá kó fi ìdí tì í sẹ́yìn, àbí òun náà ń wòran? Bó bá fi ara dínà kí ẹgbẹ́ ẹ̀ lè kọjá, ṣé ó dúró gbọin, àbí ó ń yọ ìdí gba ẹ̀gbẹ́, tí fèrè á fi dún? Bó bá ń sáré lọ bá ẹni tó fẹ́ jù ú, ṣé ó ń gé ìṣísẹ̀ kúrú bó ti ń súnmọ́ ọn, àbí ó ń já bọ́ bí agbọ́n, tí onítọ̀hún á kàn yà á sílẹ̀?

Ẹ ò kúkú mọ Hakeem Olajuwon. Ká ní ẹ mọ̀ ọ́n ni, ẹ ò ní máa wo báàgì. Ọmọ Èkó, ó ti ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kó tó mọ básíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kọ́gbọ́n. Á gba bọ́ọ̀lù lápá òsì, ẹ̀yìn ẹ̀ á kọ sí àwọ̀n. Èjìká á lọ sí ìlà ìparí pápá, bọ́ọ̀lù á sì dúró sáyà. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá tẹ̀ lé èjìká, Hakeem á yí padà sí àárín. Bí kò bá tẹ̀ lé e, á lọ tòótọ́, á fò sẹ́yìn, á jù ú. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá fò sókè, Hakeem á yọ́ gba abẹ́ apá ẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń fara wé e ń yí èjìká kíákíá jù, ọ̀tá ò tíì ráyè gba irọ́ náà gbọ́. Tàbí kí ẹsẹ̀ tó yẹ kó kàn mọ́lẹ̀ ṣí, fèrè á dún. Ní 1995 David Robinson ni wọ́n fún ní oyè ẹni tó pegedé jù. Hakeem fi póìǹtì 35.3 ní ìpíndọ́gba, nínú àwọn eré tí wọ́n fi kojú ara wọn nínú ìdíje ife ọdún náà, kí i kú oríire. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní 1992, òun àti Houston, ẹgbẹ́ ẹ̀, ti ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n ta òun. Bó bá jẹ́ ìwà lẹ fi dájọ́ ni, ẹ ti tà á kí ife méjì tó dé.

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbà kó ti ìta wọlé: eré tí kò gbá. Wọ́n fi ìjókòó eré 25 jẹ Ja Morant níyà ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2023 sí 2024 nítorí ìbọn tó gbé sókè nínú fídíò. 25 nínú 82, gbèsè gidi nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Èyí tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níwájú ìjọba, ilé ẹjọ́ wà, wọn ò sì bẹ̀ yín níṣẹ́.

Àwọn yòókù, ẹ padà sórí ìjókòó yín. Ìṣẹ́jú 48 ni eré. Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ sọ pé kò mọ̀ ọ́n gbá, n ò ní bá yín jiyàn. Báàgì wà nínú yàrá ìwọṣọ, lórí àga, sípù ẹ̀ sì wà ní pípadé kí atẹ́gùn má baà jáde.