Ẹ fi eruku náà han ẹni tó ń mí i

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ mélòó kan, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta lónìí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń fa èéfín àti eruku kúrò níbi iṣẹ́ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń mí i símú. Àwọn ẹnjiníà ń lọ, àwọn tó ń bójú tó ààbò ń lọ, wọ́n ń gba ìwé ẹ̀rí bọ̀. Wẹ́dà tó dorí kodò sórí irin, káfíńtà tó ń fi ẹ̀rọ fá pákó, ẹni tó ń gé òkúta, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n wà ní gbogbo àsìkò yẹn. Ohun tí wọ́n bá bá lára ògiri ni wọ́n á lò, láìsí ẹni tó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Mo dé ibi iṣẹ́ kan rí tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ tuntun tó ń fa èéfín, èyí tó ní páìpù gígùn tí èèyàn lè fà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Owó gidi ni wọ́n ná sí i. Ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́, à ń gbọ́ ìró rẹ̀. Àmọ́ òkè orí bàbá tó ń jó irin ni ẹnu páìpù náà wà, ó fi gígùn apá àgbàlagbà jìnnà síbi tí iná ti ń ta. Bí èéfín ṣe ń gòkè láti ara irin, iwájú imú bàbá yẹn ló ń gbà kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ò sì dé ẹnu páìpù rárá. Fáànù onídùúró kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí ooru. Ìwọ̀nba èéfín tí páìpù ìbá rí fà, fáànù yẹn ń gbá a lọ bá àwọn tó wà lẹ́yìn. Mi ò lè dá bàbá náà lẹ́bi. Ooru ń mú un, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé fáànù àti páìpù yẹn ń bá ara wọn jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan ṣoṣo tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ yín síwájú ẹnu, kó jìnnà díẹ̀, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára. Ẹ má gbé ọwọ́ kúrò, kí ẹ wá fa atẹ́gùn sínú. Ọwọ́ yín ò ní mọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè fẹ́ àbẹ́là pa àmọ́ tí kò lè fà á pa. Atẹ́gùn tí a fẹ́ jáde máa ń lọ tààrà síbi tí a kọjú rẹ̀ sí. Èyí tí a ń fà ń ti iwájú wá, ó ń ti ẹ̀yìn, òkè àti ẹ̀gbẹ́ wá, agbára rẹ̀ á sì pín. Tí ẹnu páìpù bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí ẹ wá fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà sí i, ìyára atẹ́gùn níbi tí ẹ wà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó wà lẹ́nu páìpù gan-an. Tí ẹ bá tún fi ìlọ́po méjì sún sẹ́yìn, atẹ́gùn tí ẹ nílò láti mú èéfín kan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi ẹnu páìpù sílẹ̀ lókè orí mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti kọ́ ọ, ẹni tí kò mọ̀wé rárá á sì lóye rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá náà nílò ẹ̀kọ́ tiwọn. Tí èéfín bá ń rú jáde, ohun tó ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni pé kí fáànù tún yára sí i. Bẹ́ẹ̀, tí ìyára fáànù bá di ìlọ́po méjì, iná tó ń jẹ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Sísún ẹnu páìpù mọ́ iṣẹ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Wọ́n tún fẹ́ràn láti máa so ẹ̀ka tuntun mọ́ páìpù àtijọ́ nígbàkígbà tí wọ́n bá ra ẹ̀rọ míì. Ẹ̀ka tuntun yẹn á máa gba atẹ́gùn mọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ eruku ilé iṣẹ́ ló nílò atẹ́gùn tó ń sáré tó nǹkan bíi mítà 18 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó lè gbé e lọ. Tí atẹ́gùn bá falẹ̀, eruku á jókòó sínú páìpù, páìpù á máa dí díẹ̀díẹ̀. Tó bá sì jẹ́ eruku igi, ohun tó kó jọ síbẹ̀ lè gbiná.

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Èéfín ibi iṣẹ́ ṣeé bò, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Eruku ńlá tí ojú rí, imú àti ọ̀fun sábà máa ń dá a dúró. Èyí tó ń wọlé dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró kò ju nǹkan bíi máíkírómítà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, nígbà tí fọ́nrán irun orí kan lè fẹ̀ tó 70. Láti 2016, òfin Amẹ́ríkà ní eruku sílíkà, ìyẹn èyí tó ń jáde lára òkúta àti yanrìn, tí òṣìṣẹ́ ń mí ní wákàtí mẹ́jọ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 0.05 lọ nínú mítà onígun mẹ́ta atẹ́gùn kan. Kò sí ojú tó lè rí i tí ìwọ̀n yẹn bá kọjá. Ní 2017 sì ni àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka èéfín irin jíjó mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Bàbá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ibi iṣẹ́ àwọn mọ́.

Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí a fi ń rí eruku yìí. A ó gbé iná tó mọ́lẹ̀ gan-an sẹ́yìn ibi iṣẹ́, a ó fi nǹkan dí ojú iná náà kó má bàa wọ̀ wá lójú, a ó wá dúró ní òdìkejì ká máa wò ó. Ohun tó dà bíi pé kò sí tẹ́lẹ̀ á yọ, bí ìgbà tí oòrùn òwúrọ̀ bá gba ihò fèrèsé wọ yàrá. Mo ṣe é fún bàbá náà, mo fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì fi hàn án. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ọdún mélòó ni mo ti ń mí nǹkan yìí?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ fa páìpù wálẹ̀, ó gbé fáànù kúrò, ó ní kí n tún tan iná náà kí òun wò ó bóyá ó ti yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún un.

Ní 1700, dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, rọ àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa bi aláìsàn léèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ẹni tó ti ń wúkọ́ la ń bi, ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ a ò sọ fún un.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rẹ̀ látorí ìbòmú. Ìbòmú ló yẹ kó gbẹ̀yìn! Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni bóyá a lè má lo ohun tó ń ṣọṣẹ́ náà rárá. Ohun tí Ọsirélíà ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n fòfin de òkúta àtọwọ́dá tí sílíkà kún inú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2024. Tí kò bá ṣeé ṣe, ká lo omi, ká fi nǹkan ká ibi tí eruku ti ń jáde mọ́, ká fà á níbẹ̀. Ìbòmú tí irùngbọ̀n ò jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ojú kò lè ṣe iṣẹ́ gbogbo ìyẹn.

Mo mọ̀ pé òfin wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ irú ẹ̀rọ yìí wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 14. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ta ló wá ń wò ó ní gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín? Ẹni tó dúró tì í ni, tí a bá kọ́ ọ bó ṣe yẹ kí ìró rẹ̀ rí àti ibi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ wà lójú ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ìfà.

Mo ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo fẹ́ ṣe láìpẹ́. Mo ti sọ fún àwọn tó pè mí pé mi ò ní tan pírójẹ́kítọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ la máa wà, iná ńlá yẹn á wà lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ ni mo sì ní kí wọ́n kó wá síwájú.