Inú ìwé ló ti lọ yá èéfín tó yà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 9, gbé àwòrán kan wálé láti ilé ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tísà ní kí wọ́n ya ohun tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ó ya ilé iṣẹ́ ràgàjì kan tí èéfín dúdú ń rú jáde lórí ẹ̀. Àwòrán náà dára gan-an. Mo wá bi í pé, "Níbo lo ti rí ilé iṣẹ́ yìí ní Àkúrẹ́?" Ó ní, "Àǹtí, inú ìwé wa ló wà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ tó ń gba Ọjà Ọba kọjá lẹ́yìn ọ̀kadà láràárọ̀, tí wọ́n ń sun ìdọ̀tí lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé ẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń tú èéfín sójú fèrèsé yàrá tó ń sùn sí, inú ìwé ló ti lọ yá èéfín tó yà. Èyí tó ń fà símú lójoojúmọ́ ò sí níbẹ̀ rárá.

Èrò tèmi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó yà á.

Ẹ fi fásilíìnì pa páálí funfun, ẹ fi ọ̀kan kọ́ sẹ́nu géètì, ọ̀kan sẹ́yìn kíláàsì, ọ̀kan sábẹ́ igi máńgòrò. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn ọmọ wo ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ páálí ò lè fi èyí tó burú jù hàn wọ́n. PM2.5 ni wọ́n ń pe ìyẹn, eruku tó kéré débi pé nǹkan bí ọgbọ̀n irú ẹ̀ ló máa tò kó tó fẹ̀ tó irun orí kan. Ẹ̀rọ kékeré ló ń wọ̀n ọ́n: á fa afẹ́fẹ́ wọlé, á tan iná léésà sí i, bí eruku bá ṣe fọ́n iná náà ká ló fi ń mọ bó ṣe pọ̀ tó. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má ju máíkírógíráàmù 15 lọ nínú kúbíìkì mítà afẹ́fẹ́ kan láàárín wákàtí 24.

Ẹ ka nọ́ńbà yẹn fún ọmọdé, á ti gbàgbé kó tó délé. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ń hun aṣọ ní Ọ̀wọ̀ níbí. Kí ló dé tí kíláàsì kan ò lè hun aṣọ afẹ́fẹ́, ọjọ́ kan, òwú kan? Ọjọ́ tí kò bá kọjá 15, òwú funfun. Láti ibẹ̀ dé 50, àyìnrín. Tó bá ju 50 lọ, òwú dúdú bíi ti ẹtù. Nígbà ọyẹ́, dúdú á pọ̀, torí eruku ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá, pàápàá láti Bodélé ní Chad, a ò sì lè bá ẹnikẹ́ni wí fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá di ìgbà òjò, tí òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, tí òwú dúdú kan ṣì ń yọ láàárín funfun ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọmọ fúnra ẹ̀ ló máa béèrè pé: kí ni wọ́n ń sun lọ́jọ́ Ẹtì?

Àwọn kan á ní àga ìjókòó gan-an ò tó ní ilé ìwé, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lẹ wá ń sọ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 9 náà ni Ella Adoo-Kissi-Debrah nígbà tí ásímà pa á ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2013. Ọdún 2020 ni ẹni tó ń ṣèwádìí ikú ẹ̀ tó sọ pé afẹ́fẹ́ búburú wà lára ohun tó pa á, àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tó wà nítòsí àdúgbò wọn sì wà lára ẹ̀rí. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ lálaalẹ́ ní Àkúrẹ́, àkọsílẹ̀ wo la fẹ́ mú jáde?

Mo ti bá tísà wọn sọ̀rọ̀, ó sì gbà. Páálí mẹ́fà la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti yan ibi tó fẹ́ kọ́ tiẹ̀ sí: ẹ̀yìn ọgbà, lọ́ọ̀ọ́kán ààtàn.