Íǹṣì Mélòó Ni Tiyín?

Wọn kì í béèrè ohun tí ènìyàn ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n mọ́. Íǹṣì ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 43 á yára fi kún un pé "ti yàrá nìyẹn o", bí ẹni pé òmíràn wà ní pálọ̀. Oní-55 á yí ọ̀rọ̀ padà sí ojú ọjọ́. Oní-65 á rẹ́rìn-ín músẹ́. Oní-85 kì í dúró kí ẹnikẹ́ni bi òun. Á ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá òun wò ó bóyá ó tẹ̀ sápá ọ̀tún díẹ̀ lára ògiri. Íǹṣì ti di oyè, ẹ̀yin ará, oyè tí kò ní afọbajẹ, tó jẹ́ pé páálí tí wọ́n gbé síwájú ilé ni ìwúyè rẹ̀. (Páálí náà wúlò o, bí wọ́n bá ní kí ẹ dá ọjà padà tàbí ẹ fẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn. Ṣùgbọ́n inú ilé ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí, kì í ṣe ibi tí gbogbo àdúgbò ti lè kà á.)

Kí ni íǹṣì yìí ń wọ̀n gan-an? Láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni. Tẹlifíṣọ̀n íǹṣì 65 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 144, ó sì ga ní 81. Íǹṣì 85 fẹ̀ ní 188, ó ga ní 106. Ẹni tó rò pé íǹṣì 20 péré lòun fi kún ti tẹ́lẹ̀ ti fi nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 kún ojú rẹ̀, ògiri á sì bi í léèrè. Páálí rẹ̀ gùn ju mítà 2 lọ, inàró ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gbé e, torí náà ẹ̀bá àtẹ̀gùn tó ṣẹ́ kọ́rọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fi tépù wọ̀n. Ta ló ń wọ̀n ọ́n? Wọ́n á sanwó tán, wọ́n á gbé e dé ìdajì àtẹ̀gùn, ibẹ̀ ni ìpàdé á ti bẹ̀rẹ̀.

Jíjìnnà àga ńkọ́? Ìṣirò rẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹ sọ íǹṣì di sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ìlọ́po 2.54. Ẹni tó fẹ́ kí fíìmù gba gbogbo ojú òun, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 1.2. Ẹni tí ìròyìn àti bọ́ọ̀lù tó fún, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 1.6. Íǹṣì 65 ń fẹ́ kí ẹ jókòó ní mítà 2 sí 2.6; íǹṣì 85 ń fẹ́ 2.6 sí 3.5. Ọlọ́lá wa kì í fi tépù wọ̀n ọ́n, tẹlifíṣọ̀n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi ń wọ̀n ọ́n. Nígbà tí àga ti gba tirẹ̀ nínú pálọ̀ mítà 3, mítà kan àti àbọ̀ ló kù láàárín ojú rẹ̀ àti gíláàsì. Bọ́ọ̀lù lọ sápá òsì, ọrùn lọ sápá òsì. Bọ́ọ̀lù rékọjá, ọrùn rékọjá. Kó tó pé ìṣẹ́jú 90, ọrùn ti sáré ju ẹni tó wọ jẹ́sì lọ.

Lẹ́yìn títóbi, oríkì ló kù. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ibi tí wọ́n lẹ bébà mèremère sí: 4K, HDR, QLED, AI, 240. Kò sẹ́ni tó ń ṣí i kúrò, torí àlejò gbọ́dọ̀ kà á. Ẹ jẹ́ ká bá àlejò kà á dáadáa. QLED kì í ṣe OLED, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrù kékeré tó wà lára lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. LCD ni QLED: backlight wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ wá síwájú, wọ́n wá fi ìpele kan sáàárín tó ń jẹ́ kí àwọ̀ túbọ̀ jinlẹ̀. Ní ti OLED, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, ló ń tan iná ara rẹ̀, tó sì ń pa á, ìdí nìyẹn tí dúdú rẹ̀ fi dúdú gan-an. Àbùkù tirẹ̀ ni pé bí ẹ bá fi ìkànnì ìròyìn kan náà sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́, àmì ìkànnì yẹn lè sun sí igun rẹ̀, á sì máa bá yín wo fíìmù.

240 ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, páńẹ́ẹ̀lì (ojú tẹlifíṣọ̀n gan-an) 60 tàbí 120 Hz ló wà nínú ẹ̀; Hz ni iye ìgbà tó ń pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyókù, àdábọwọ́ àwọn tó ń polówó ni. Ẹ béèrè Hz páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, ẹ wo ojú ẹni tó ń tà á bó ṣe ń wá rìmóòtù kiri. Ní ti HDR, ìyẹn àwòrán tí ibi títàn rẹ̀ ń tàn gan-an, tí ibi dúdú rẹ̀ sì dúdú, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun lè gbà á wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò bá ju nits 300 lọ (nits ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), tí kò sì lè dín backlight kù ní ibì kan kó fi ibòmíràn sílẹ̀, HDR tó wọlé kọ́ ló ń jáde.

Àwọn kan ti kọjá 4K (píksẹ́lì bíi mílíọ̀nù 8), 8K ni wọ́n ń lé. Píksẹ́lì mílíọ̀nù 33! Ó dára. Ní ojú íǹṣì 85 tó jẹ́ 4K, píksẹ́lì kan kò ju ìdajì mìlímítà lọ, ojú tó dá ṣáṣá kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́ bí ó bá ti jìnnà ju nǹkan bíi mítà 1.7 lọ. Nítorí náà ẹni tó bá ra 8K gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí imú rẹ̀ náà lè jàǹfààní. Kí sì ni wọ́n ń wò lórí ẹ̀? Ìkànnì àtijọ́ tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 720 sí 576. Ẹ pín píksẹ́lì 4K sí i: ẹyọ kan tó wá láti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n gbọ́dọ̀ di 20 lójú tẹlifíṣọ̀n yín. Mọ́kàndínlógún nínú rẹ̀, inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ro ó jọ. Ìdí nìyẹn tí olùka-ìròyìn fi ń dán bí ẹni tí wọ́n fi ìda kùn. Ẹni tó bá fẹ́ 4K gidi láti Netflix gbọ́dọ̀ ní íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré tó mégábíìtì 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí kan á sì jẹ dátà tó nǹkan bíi GB 7. Oní-85 tí mo ń sọ yìí, fóònù rẹ̀ ló fi ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún un.

Ní ọjà, gbogbo wọn ló ń tàn yanran, torí pé ipò ìpolówó ni wọ́n fi wọ́n sí: ìmọ́lẹ̀ dé òkè pátá, àwọ̀ búlúù pọ̀, àwòrán òdòdó àti ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé ń yí po. Ẹ má bá ọ̀pọ̀lọ́ dámọ̀ràn. Ẹ mú flash dání tí ẹ ti fi àwòrán mẹ́ta péré sí: funfun láti etí dé etí, dúdú, àti eérú. Ojú funfun ló ń fi píksẹ́lì tó ti kú hàn. Dúdú ń fi ìmọ́lẹ̀ tó ń jò ní àwọn igun hàn. Eérú ló ń tú àṣírí jù: ilà àti àbàwọ́n tó bá wà níbẹ̀, òun náà lẹ ó máa rí lórí koríko pápá ní gbogbo ìgbà tí kámẹ́rà bá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ tó gbé e, torí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í pààrọ̀ tẹlifíṣọ̀n nítorí píksẹ́lì ẹyọ kan. Àmọ́ aláfẹ́ kì í ṣe báyìí. Fọ́tò ló ń yà níbẹ̀.

Bó bá délé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi yín ni pé Home ni àbí Store. Ìyanu ni iye ilé tó ń jẹ́ Store! Ẹ yan Home, ẹ kúrò lórí Vivid, ẹ lọ sí Movie tàbí Filmmaker Mode, ẹ sọ àwọ̀ di Warm, ẹ fa Sharpness wálẹ̀ dé ìtòsí òdo. Ẹ pa ohun tó ń jẹ́ kí fíìmù máa yọ̀: 24 ni àwòrán tí fíìmù ń fi hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tẹlifíṣọ̀n ló ń dá ti ara rẹ̀ sí i láàárín, tí òṣèré ńlá fi ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi fóònù yà níbi ìgbéyàwó. Ọjọ́ kejì ni ojú yóò ti mọ́ra. Ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn ará ilé á ní ẹ ti bà á jẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ti ògiri, ibi tí fáàrí ti pọ̀ jù. Ojú ẹni tó jókòó sórí àga máa ń wà ní nǹkan bíi mítà 1 sí 1.1 sílẹ̀, àárín tẹlifíṣọ̀n ló sì yẹ kó bá a dọ́gba. Fún íǹṣì 85, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wà ní nǹkan bí ìdajì mítà sí ilẹ̀. Ẹ sọ èyí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀, ẹ ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa rẹ̀wẹ̀sì. Ìdajì mítà kẹ̀? Ìdajì mítà, nígbà tí ẹni tó ń kọjá lójú títì kò ní lè rí i láti fèrèsé? Mítà kan àti àbọ̀ ló gbé etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí. Etí òkè ti bá àjà sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé wá ń gbójú sókè. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yà LCD tí wọ́n ń pè ní VA, tó pọ̀ nínú àwọn ńlá, dúdú rẹ̀ á di eérú, àwọ̀ á ṣá, fún ẹni tó bá ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Wọ́n sanwó fún àwọ̀ tán, wọ́n wá gbé e kọ́ síbi tí àwọ̀ kò ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìwọ̀n ńkọ́? Íǹṣì 85 lè tó kílò 40 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ gbọ́dọ̀ bá ihò mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mu. Lọ́pọ̀ ìgbà, mìlímítà 600 sí 400 ni fún irú rẹ̀, M8, tó nípọn tó mìlímítà 8, sì ni síkírúù. Síkírúù tó bá gùn jù lè wọnú lọ gún bọ́ọ̀dù. Èyí tó kúrú jù á já nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Ògiri bulọ́ọ̀kù tó ní ihò nínú kì í di rọ́bà kékeré mú: ẹ lo bóòtù tí wọ́n ṣe fún ògiri oníhò, tó ń fẹ̀ nínú ihò yẹn. Bí ògiri bá jẹ́ pátákó fẹ́lẹ́, igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí síkírúù wọ̀, kì í ṣe pátákó. Ènìyàn méjì ni kó gbé e, ọwọ́ lórí férémù, kí àtàǹpàkò má kan ojú rẹ̀ rárá. Gíláàsì inú rẹ̀ kò nípọn tó mìlímítà 1. Bí ó bá fọ́, owó páńẹ́ẹ̀lì á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tuntun, wàráǹtì kì í sì í san ti fífọ́. Ẹni tó ní orí tábìlì lòun máa gbé e sí náà, kó wọn tábìlì: ẹsẹ̀ méjèèjì sábà máa ń wà ní ìparí etí, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀kan nìkan ló máa rí ibi dúró.

Ohùn? Ẹ má jẹ́ ká pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó tín-ínrín tó báyẹn kò ní àyè fún sípíkà, ilẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ni ohùn rẹ̀ kọjú sí, òun àti ògiri ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ ra soundbar, ìyẹn sípíkà gígùn tó ń wà níwájú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ ihò HDMI tí wọ́n kọ eARC sí lára. Ihò yẹn gan-an ni oní-85 ti ki dekóda bọ̀.

Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí ni? Ní 2010, gíláàsì 3D ni gbogbo ayé ń lé, wọ́n jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú awò dúdú. Nígbà tó fi di 2017, àwọn tó kù tó ń ṣe é ti pa á tì. Ní 2013, ó di dandan kí ojú tẹlifíṣọ̀n tẹ̀ kọdọrọ, ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó sáàárín ló ń gbádùn rẹ̀. Àwọn tó rà á ṣì ń ṣàlàyé.

Tẹlifíṣọ̀n náà sì ń wo ènìyàn padà. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ Vizio ní Amẹ́ríkà san mílíọ̀nù 2.2 dọ́là láti parí ẹjọ́ tí ìjọba pè é, pé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ tó tó mílíọ̀nù 11 ń ṣàkọsílẹ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń wò láìgba àṣẹ wọn. Ẹ wọ Settings, ẹ wá Privacy, ẹ pa ohun gbogbo tó bá ní òun fẹ́ mọ ohun tí ẹ ń wò. Ọlọ́lá wa tẹ "Mo gbà" lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìkà á. Ó rà á kí ayé lè rí i, ayé sì ti ń rí i.

Bí backlight bá wà lórí 100 láti ọjọ́ tó wọlé, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn LED inú rẹ̀. Wọ́n so wọ́n tẹ̀ léra ni, bí ẹyọ kan bá jó, ọ̀wọ́ rẹ̀ á kú pọ̀, bọ́ọ̀dù sì lè pa ìyókù. Ohùn á máa jáde, ojú á dúdú. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú: bí ẹ bá rí àwòrán tó ń rìn fírífírí, páńẹ́ẹ̀lì kò ní àìsàn, backlight ló lọ. Ó ṣeé tún ṣe. Gbogbo ọ̀pá LED ni kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí tuntun àti àtijọ́ kì í tàn bákan náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí gíláàsì kúrò, ibẹ̀ ló sì ti sábà máa ń fọ́. Oní-85 kò dúró gbọ́ ìyẹn. Ó ti ń tẹ́tí sí rédíò íǹṣì 85 rẹ̀ láti ìjẹta, ó sì ti gbọ́ pé 98 wà lọ́jà. Sẹ̀ǹtímítà 217 ni ìyẹn fẹ̀. Ògiri pálọ̀ rẹ̀ jẹ́ 210. Ó ti ń wá bíríkìlà.