Ṣé kí n máa jẹ àmàlà mi lọ, àbí kí n dúró?

Abíkẹ́_Tákié: Lánàá, èmi, ọkọ mi, ọmọ méjì àti ìyá ọkọ mi lọ jẹun ní gbọ̀ngàn kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Olóúnjẹ bíi márùn-ún ló wà lábẹ́ òrùlé kan, oníkálukú ra tirẹ̀ níbi tó wù ú, gbogbo wa wá jókòó sídìí tábìlì kan. Àmàlà mi dé kíá. Ẹja yíyan ìyá lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ìyá fajú ro. Ṣé mo jẹ̀bi?

Ọmọ Àróje: Ẹ jẹ̀bi, mà. Ìyá ọkọ yín ò tíì fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ ti ń bu òkèlè?

Adé UnderG: Àmàlà kì í dúró de ẹnikẹ́ni! Tó bá tutù, ó le nìyẹn, ewédú náà á ti ṣomi.

Ìyá Elélùbọ́: Èlùbọ́ tí wọ́n bọ iṣu rẹ̀ dáadáa, tó sun omi mọ́jú, tí oòrùn sì pa gbẹ, kì í tètè le. Láfún ni wọ́n pò mọ́ ọn fún yín.

Baba Rere: Èló ni àmàlà ọ̀hún?

Adé UnderG: Wọ́n ṣáà kì wá pé Ajílété, ibi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan. Ọkà ló ṣáájú. Kò sí ẹja níbẹ̀.

Àgbẹ̀ Oríire: Ọkà bàbà ni ọkà yẹn, kì í ṣe àmàlà.

Ìyá Elélùbọ́: Ọkà bàbà kẹ̀? Ta ní ń jẹ ọkà bàbà kó tó mu ẹ̀kọ? Wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Ọkà bàbà náà nìyẹn?

Àgbẹ̀ Oríire: Yangan ni àgbàdo. Irúgbìn ni wọ́n fi ti irúgbìn. Ìyá mi, mo ń gbìn ín, mo mọ̀ ọ́n.

Ìyá Elélùbọ́: Èmi náà ń tà á, ọmọ mi. Ẹnu ni wọ́n fi ń jẹ oríkì yẹn, wọn ò gbìn ín.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Aláàfin: Ẹ jà tán, kí ẹ bu tèmi pẹ̀lú gbẹ̀gìrì 😂

Abíkẹ́_Tákié: Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ò tíì dá mi lóhùn láti àná o.

Ọmọ Àróje: ÀGBÀ LÓ Ń KỌ́KỌ́ JẸUN. Mo tún un sọ: ÀGBÀ LÓ Ń KỌ́KỌ́ JẸUN.

Adé UnderG: Kí àgbà ra àmàlà nígbà náà.

Àgbẹ̀ Oríire: Wọ́n ń fi ọkà bàbà ro tùwó. Òkèlè kọ́ nìyẹn?

Ìyá Elélùbọ́: Tùwó! Ẹ gbọ́ o. Wọ́n á ti fi tùwó kì wá ní Ògbómọ̀ṣọ́? Lọ bi bàbá rẹ léèrè.

Àgbẹ̀ Oríire: Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi, mà.

Baba Rere: Kò sẹ́ni tó sọ iye àmàlà yẹn.